Iṣẹ́ Ìwé Púpọ̀ ní Ọwọ́ Ẹnìkan: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Àjàyí Crowther

Àwọn àgbà ni ó wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwọn àgbà kan náà ni ó sì wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá gbé òwe méjèèjì yìí kalẹ̀ níwájú ẹni tí ń kọ ìwé, wọn yóò fà á sí ọ̀tún, wọn yóò sì fà á sí òsì. Òwe èkíní yóò wí fún un pé kí ó dojú kọ ìwé kan ṣoṣo, kí ó sì parí rẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kan òmíràn. Òwe èkejì yóò wí fún un pé kí ó má ṣe fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró ní oríta kan nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn àwàdà, nítorí iṣẹ́ tí ń dúró de akọ̀wé pọ̀, àwọn akọ̀wé kò sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó la ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìlaròó. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ bàbá kan náà ti ń kọ́ ìwé ní èdè àjèjì méjì, tí ẹni tí ó wà níhìn-ín kò sì lè ka ohun tí arákùnrin rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn èyí, orúkọ tí a fi ń pe ara wa pàápàá yí padà: Ẹ̀gbádò ni àwọn ìwé àtijọ́ ń pè wá, ṣùgbọ́n ní ọdún 1995 ni a gba orúkọ Yewa. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wá ìtàn ilé bàbá rẹ̀ nínú ìwé ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ mìíràn ni yóò fi wá a.

Nítorí náà, bí olùkọ́ kan tàbí katikíìsì kan bá mọ ìwé kọ dáradára ní ìlú rẹ̀, kì í pẹ́ tí gbogbo ẹrù yóò fi di tirẹ̀. Àwọn ìjòyè yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ. Ìjọ yóò ní kí ó kọ ìtàn bí ìsìn ti ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Ẹnìkan yóò rán an létí pé orin ẹ̀fẹ̀ tí a ń kọ ní alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbàgbé lọ. Òun fúnra rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Ọ̀họ̀rí àti Anàgó ní ohun kan nínú tí kò sí nínú Yorùbá ilé-ìwé. Èwo ni kí ó gbà? Èwo ni kí ó kọ̀? Ṣé kí ó gbà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwa kò lè rí ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá ìbéèrè yìí lóhùn ju Samuel Àjàyí Crowther lọ, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá kan ṣáájú rẹ̀ tí iṣẹ́ ìwé wọ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. A bí i ní Òṣoogùn. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó rà á, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni a sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ alùfáà ní ìlú London, nínú ọdún kan náà ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni òun pẹ̀lú Henry Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀lé, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ ni wọ́n fi dúró ní etí òkun, kí Crowther àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ilẹ̀ tí ó wà láàrin Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń dúró kí ó rọ̀ kí wọ́n tó lè kọjá, ilẹ̀ tiwa ni. Kò sì ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fi pa Òkè-Òdàn run. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Crowther ti ń kọ ìwé. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àyè àti ìdẹ̀ra ni ó fún un ní agbára láti ṣe púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1850, Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá. Ní 1851, Ìhìnrere Lúùkù, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, àti ìwé Jákọ́bù àti ti Pétérù tẹ̀ lé e. Ní 1852, ìwé gírámà Yorùbá àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ jáde pọ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró sì kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí i. Ní 1853, Jẹ́nẹ́sísì àti Mátíù jáde. Ìtumọ̀ Bíbélì, gírámà, àkójọ ọ̀rọ̀, àkójọ òwe, gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní ọwọ́ ẹnìkan láàrin ọdún mẹ́rin, láìka ìwàásù àti ìtọ́jú ìjọ mọ́ ọn.

Bí a bá fi òwe eku méjì wọn èyí, ó yẹ kí Crowther ti pòfo. Èéṣe tí kò fi pòfo? Ìdáhùn wà nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí i pé òwe ni Crowther fi ń ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ní ibi púpọ̀. Òwe tí ó gbọ́ lẹ́nu àgbà ní òwúrọ̀ di ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé atúmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti yẹ̀ wò nínú ìwé atúmọ̀ náà sì di èyí tí ó lè fi ọkàn balẹ̀ lò nígbà tí ó bá kan ẹsẹ Bíbélì kan. Bí ẹsẹ Bíbélì náà bá sì tún ṣòro láti túmọ̀, ìṣòro náà ni yóò rán an padà sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà láti tún bèèrè. Kì í ṣe eku méjì ni ó ń lé. Eku kan ni, ẹnu ihò rẹ̀ ni ó pọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo, tí ó gbin ẹ̀gúsí sí abẹ́ rẹ̀, tí ó sì ta iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kan, oko kan ni ó ń ro. Ìgbà kan tí ó bá tẹ̀ ba fún ọkọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó jàǹfààní.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1841 Crowther ti bá àwọn tí ó gòkè Odò Ọya lọ. Ní 1854 ó tún lọ pẹ̀lú Dókítà Baikie. Ní 1857 ó lọ ní ìgbà kẹta, nígbà yìí láti fi ìpìlẹ̀ ìjọ lélẹ̀ ní Onitsha. Nínú ọdún yẹn ni ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà èdè Ìgbò tí ó ṣe jáde. Ní oṣù kẹwàá, ọkọ̀ tí ó gbé wọn, Dayspring, fọ́ sórí àpáta nítòsí Jẹ́bà. Bí ó ti há sí ilẹ̀ àwọn Tápà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè wọn, ìwé gírámà èdè náà sì jáde ní 1864. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 kan náà ni a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, tí a sì fi iṣẹ́ Odò Ọya lé e lọ́wọ́. Ní 1882 pàápàá, nígbà tí ó ti di arúgbó, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Ìgbò rẹ̀ tún jáde.

Èyí kì í ṣe oko etílé mọ́. Oko ẹgàn ni, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ilẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, irè rẹ̀ sì yàtọ̀. Òwe Yorùbá kì í ṣe ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ Ìgbò. Àgbà tí ó jókòó ní Aké kò lè tọ́ni sọ́nà nínú èdè Tápà. Gbogbo oṣù tí Crowther lò lórí odò jẹ́ oṣù tí a yọ kúrò nínú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. A ti rí i pé láàrin ọdún mẹ́rin ni ó tẹ ìwé púpọ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1884 ni Bíbélì Mímọ́ tó parí ní èdè Yorùbá. Láti Róòmù títí dé òpin jẹ́ ọdún 34. Kì í ṣe Odò Ọya nìkan ni ó fa ìdádúró náà, nítorí ogun àti ikú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé Odò Ọya kò sí nínú rẹ̀.

Ọdún 1862 ni ó fi bí ewu náà ti tóbi tó hàn wá. Nínú ọdún náà ni Thomas King kú, òun ni alùfáà tí ó ti ń bá Crowther túmọ̀ ìwé Mímọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ọdún náà ni iná jó ilé Crowther ní Èkó, ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kọ sílẹ̀ láti ọdún púpọ̀ sì bá iná lọ. Nínú oṣù kẹta ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa ìlú Ìṣàgá run ní ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì kó Doherty, katikíìsì ìjọ ibẹ̀, lọ sí ìgbèkùn. Ikú mú ẹnìkan, iná mú ìwé, ogun mú ìlú. Ẹni tí iṣẹ́ púpọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ nìkan, irú ọdún bẹ́ẹ̀ lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ Yorùbá náà bàjẹ́? Àáró ni. Kì í ṣe Crowther nìkan ni ó wà nínú oko náà. King ti ṣe ìpín tirẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn òjíṣẹ́ mìíràn túmọ̀, wọ́n sì tún èyí tí a ti túmọ̀ yẹ̀ wò. David Hinderer tí ó wà ní Ìbàdàn túmọ̀ ìwé Bunyan tí ó sọ ìtàn èrò mímọ́, kò dúró de Crowther. Àwọn kan ń bẹ tí ó lè máa ro oko etílé nígbà tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ wà ní oko ẹgàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, Crowther tún jókòó ní Èkó gẹ́gẹ́ bí alága ìpàdé tí ó fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ lẹ́tà Yorùbá. Àwa rí ọgbọ́n ńlá nínú èyí: ẹni tí kò ní àyè láti kọ gbogbo ìwé fúnra rẹ̀ fi àkókò sílẹ̀ kí gbogbo àwọn tí ń kọ ìwé lè máa kọ ọ́ bákan náà, kí iṣẹ́ ẹnìkan lè so mọ́ ti ẹnìkejì.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ó bá ti jókòó ti Yorùbá nìkan, ṣé kò ní í dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Ó lè dára fún wa tí a jẹ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ti fi ìwé ìbẹ̀rẹ̀ lé ọmọ Ìgbò lọ́wọ́ ní 1857? Àwa kò dá Crowther lẹ́bi. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ kejì ní iye owó tirẹ̀, ẹni tí yóò rà á ní láti bèèrè iye rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni méjì mìíràn wé e. Èkíní ni Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì, tí ó dé Sàró ní òpin ọdún 1847. Nínú ọdún kan ṣoṣo, 1854, ìwé rẹ̀ mẹ́rin jáde: ìwé ńlá tí ó kó èdè Áfíríkà tí ó ju 100 lọ jọ, gírámà èdè Vai, gírámà èdè Kànúrí, àti àkójọ ìtàn àwọn Kànúrí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ó lé eku 100. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ó gbà. Ìwé àkójọ kan ni ó ní, bí ọ̀rọ̀ 300, àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì bèèrè lọ́wọ́ ará Ọ̀tà, ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀bú, ará Ifẹ̀ àti àwọn yòókù tí a ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n ń gbé Sàró. Èdè pọ̀, ìbéèrè jẹ́ ọ̀kan.

Ẹnìkejì ni Samuel Johnson, alùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó fi ọkàn sí ìwé ńlá kan ṣoṣo, ìtàn àwọn Yorùbá. Ní 1897 ó parí rẹ̀. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láì fi ojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ àti ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ kọ; ní 1916 nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́, àwọn Jámánì mú ọkọ̀ tí ó gbé e lójú òkun, ọdún 1921 ni ó tó di ìwé títẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó gbà iṣẹ́ kan ṣoṣo má ṣe yangàn sí ẹni tí ó gbà púpọ̀. Ìwé kan náà lè sọnù. Ohun tí ó gba ìwé Johnson là ni pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nílé, ẹnìkan sì wà tí ó lè kà á tí ó sì fẹ́ parí rẹ̀.

Nínú ìtàn àwọn mẹ́ta yìí, ó dà bí ẹni pé òwe méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ara wọn jà mọ́. Kì í ṣe iye iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ kà. Kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá oko kan ni wọ́n jẹ́. Bí iṣẹ́ kejì yóò bá bọ́ èkíní, kí a gbà á. Bí kò bá lè bọ́ ọ, tí ó sì jẹ́ pé ó di dandan kí a gbà á, kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa ro oko etílé dè wá. Bí kò bá sì sí ẹnìkan, nígbà náà ni òwe eku méjì di òtítọ́, kí a sì fi ìrẹ̀lẹ̀ wí pé, "Ẹ dákun, ẹ bá mi wá ẹlòmíràn."

Ní ilẹ̀ Yewa wa níhìn-ín, a ti rí ẹni tí ó fi èyí hàn ní ayé tiwa. Anthony Ijaola Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1976 lórí bí àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ti wà lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì láti 1889 títí di 1945. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kọ òmíràn, ó sì kó ti àwọn ẹlòmíràn jọ, lórí ààlà ibòmíràn ní Áfíríkà pẹ̀lú. Ìwé rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààlà ni gbòǹgbò wọn, láti ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ni ó sì ti hù.

Ó ku ohun kan tí àpẹẹrẹ oko kò lè sọ tán. Nínú àwọn iṣẹ́ tí ń dúró, àwọn kan wà tí ó lè dúró, àwọn kan sì wà tí kò lè dúró. Ìwé ìtàn ìjọ lè dúró di ọdún tí ń bọ̀, bí ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi bá ṣì wà nínú àpótí. Ìtàn àròsọ tí ẹnìkan fẹ́ kọ lè dúró, nítorí inú orí rẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ó mọ orin ẹ̀fẹ̀ tí àwọn bàbá rẹ̀ kọ, ọkùnrin tí ó lè ka àwọn ọba ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò lè dúró dè wá. Ní 2001 ni ẹgbẹ́ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàrin àwọn ohun ìní ńlá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìkéde kò kọ orin kan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ mẹ́rin níwájú, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnu àgbà wà.

Bí ó bá sì jókòó níwájú àgbà náà, yóò rí i pé oko rẹ̀ fẹ́rẹ̀ di ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ka orúkọ àwọn ọba yóò dárúkọ ogun tí ó lé wọn kúrò ní ìlú àtijọ́. Nínú oríkì náà ni ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú Yorùbá ilé-ìwé yóò ti jáde. Nígbà tí ó bá sì sọ bí ìsìn ti dé, yóò dárúkọ àwọn tí ó gbé e wá. Ìwé ìlú, ìwé ìjọ, àkójọ ọ̀rọ̀ àti àkójọ orin, gbogbo wọn ń bẹ ní ẹnu kan. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ, kí ó kọ ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Kí ó dà á kọ sí ìwé méjì, kí ó fi ọ̀kan sí ilé ẹlòmíràn, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí iná yóò sọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó pe ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé kí ó máa bá a lọ, pàápàá bí ó bá lè rí èyí tí ó mọ Faransé, kí wọn lè ré ààlà kọjá lọ sí Kétu láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe èyí, kí ó tó yan ìwé tí yóò kọ́kọ́ parí.